Ipò Kejì ní Pápá Ẹṣin Kàdúná

Láti ìgbà tí mo ti ti Òkè Ọya dé, kò sí ẹni tó rí mi lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò dá mi dúró. "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé ẹṣin ń sùn nínú yàrá níbẹ̀?" "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé ìjọba gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín nítorí iyán?" Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé Emùré, wọ́n ní ẹṣin ló jẹ iyán, èmi ni wọ́n sì tì mọ́lé. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀, kí irọ́ lè sinmi díẹ̀ nílùú wa.

Iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi

Ìsẹ̀ ni wọ́n bí wa sí, èmi àti Káyọ̀dé àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkẹ́rẹ́ ni èmi àti ọkọ mi ti ń kọ́ ọmọ níléèwé ìjọ. Káyọ̀dé kéré lára. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbé àpò kòkó, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé fún un, wọn a sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ti di géńdé báyìí ló bá ọlọ́kọ̀ kan lọ sí Òkè Ọya, kò sì wálé mọ́. Gbogbo ohun tó ń kọ sí wa kò ju pé ara òun le, òun sì ń bá ẹṣin ṣiṣẹ́.

Ìyá mi túmọ̀ rẹ̀ bó ti yé e. "Ìgbẹ́ ẹṣin ni ọmọ mi ń gbá!"

Nígbà tí a gba ìsinmi Kérésì, ó ránṣẹ́ pè mí sí Ìsẹ̀. "Lọ mú un bọ̀ ulé," ló wí. "Mo ti bá a rí ọmọge kan ní Ògòtún. Bàbá rẹ ò sì lè dá ká kòkó yìí mọ́. Tìrẹ ló máa ń gbọ́."

Ó di iṣu fún mi, ó di ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, ó di epo. Lẹ́yìn náà ló tún gbé odó kékeré kan jáde pẹ̀lú ọmọ odó.

Mo ní, "Yèyé, ṣé kò sí odó ní Kàdúná ni?"

"Èmi ò gbọ́ pé wọ́n ń gún uyán níbẹ̀. Àwọn tí kì í gún uyán, kí ni wọ́n fẹ́ fi odó ṣe?"

Mo gbé odó.

Èmi àti odó mi

N kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ọkọ̀ ojú irin dá yín lágara. Ẹ sáà mọ̀ pé láti Òṣogbo lọ, odó yìí ni wọ́n fi mọ̀ mí nínú ọkọ̀. Bàbá Hausa kan tó wọ agbádá funfun wọlé ní ibùdókọ̀ kan, ó wo odó náà, ó sún apá kan, ó ní kí n gbé e sórí ìjókòó, kí n má bàa fi ẹsẹ̀ gbá a. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Ó kí mi kú ìrìn, ó kí mi kú àárẹ̀, ó bèèrè ilé, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè òtútù. Mo rò pé ó ti parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa Èkìtì tí a rò pé kò sí ẹni tó mọ ènìyàn kí bíi tiwa, ẹ jẹ́ ká tẹríba. Ọkùnrin yìí kí mi títí a fi kọjá Jẹ̀bá, n kò sì gbọ́ ju "sànnú" lọ nínú rẹ̀.

Ó bu wàrà kíkan tí wọ́n fọ́ fùrá sí fún mi nínú igbá. Mo mu ún, mo di ojú. Ó rí i pé mo di ojú, ó rò pé adùn ló mú mi, ló bá tún bu òmíràn. Ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí n kọ̀ ọ́. Nígbà tí yóò fi kan igbá kẹta, mo ti ń retí rẹ̀.

Kàdúná tẹ́jú. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé Ìkẹ́rẹ́, ibi yòówù kó yíjú sí, òkúta ńlá kan á ti dúró tì í bí ẹ̀gbọ́n. Níbí, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí òkè kankan, àfi ọ̀nà gbọọrọ àti eruku ọyẹ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ṣí ilé lé lórí. Àwọn ọmọdé tẹ̀lé èmi àti odó mi títí a fi dé agboolé tí wọ́n júwe fún mi.

Ẹni tó ń sá fún iyán

Ọkùnrin tín-ín-rín kan ló jáde sí mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sì fẹ̀ yí i ká. Àfi ìgbà tó dọ̀bálẹ̀ tó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀," ni mo tó mọ̀ pé Káyọ̀dé ni. Mo bú sẹ́kún. Mo ní ebi ti pa ọmọ ìyá mi kú lọ́wọ́ àwọn àjèjì.

N kò tilẹ̀ jókòó. Mo dáná, mo se iṣu, mo gún un. Ìró odó náà mú gbogbo agboolé jáde. Bàbá Sùlé ló ṣáájú wọn. Ọmọ Ìlọrin ni, òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí ti Káyọ̀dé. Mo gbé iyán kalẹ̀ fún àbúrò mi, funfun balau, ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ ń fẹ́ èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó wò ó, ó sì káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Wọ́n máa wọ̀n mí lọ́la."

"Wọ́n máa wọ̀n ọ́? Ṣé kòkó ni ọ́ ni?"

Bàbá Sùlé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àbúrò mi kì í gbá ìgbẹ́ ẹṣin. Jọ́kì ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gun ẹṣin eré. Kíkéré tó kéré tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìsẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri níbí. Káyọ̀dé sì fa láísẹ́ǹsì rẹ̀ yọ nínú aṣọ tó fi wé e. Orúkọ bàbá wa wà lára rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì rere, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i, pé ẹni yìí ni a gbà láyè láti gẹṣin nínú eré. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn ń gba àṣẹ kí ó tó gun ẹranko. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo ìwé náà, ojú tí ọkọ mi fi ń wo sátífíkéètì tíṣà rẹ̀ ni. Ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ "máa bọ̀ nílé" tí wọ́n rán mi mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ará ilé

Iyán náà kò ṣòfò. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú ulé o! Ta ló ń gún uyán ní Kàdúná?"

Ara mi yá gágá. Bọ̀dá Josáyà ni, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, télọ̀, ọkùnrin tí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń mi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó lọ sí Òkè Ọya. Mo fi iyán Káyọ̀dé síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Nígbà tó kù díẹ̀, ó yíjú sí àbúrò mi.

"Túsìdeè ni o máa gùn lọ́la, àbí?"

Orúkọ ẹṣin nìyẹn o. Òyìnbó tó ni ín ló sọ ọ́ ní Túsìdeè, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sátidé ló máa ń sáré.

"Òun ni," ni Káyọ̀dé wí.

"Òun ni gbogbo ènìyàn gbówó lé lọ́wọ́ mi. Bó bá ṣe ipò kìíní, mo gbé. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ipò kejì... Ipò kejì kì í ṣe ìtìjú. Ṣebí ará ilé ni wá?"

Èmi tí n kò mọ ohun tó ń lọ, mo dá sí i bíi tíṣà. Mo ní, "Òótọ́ ni. Ọmọ tó bá ṣe ipò kejì ní kíláàsì mi, mo máa ń yìn ín."

Káyọ̀dé wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. "Bọ̀dá Josáyà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ."

"Nítorí ẹṣin?"

"Nítorí láísẹ́ǹsì mi, sà."

Josáyà lọ, egungun ẹran ìgbẹ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni Káyọ̀dé ṣàlàyé fún mi pé ọkùnrin yìí kì í rán aṣọ mọ́. Ìta ọgbà pápá eré ló ti ń gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kò ní àṣẹ, ó sì fẹ́ kí òun Káyọ̀dé fa ìjánu ẹṣin sẹ́yìn kí ẹṣin náà lè pàdánù. Bàbá Sùlé tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ní, "Ó yẹ kí o lọ sọ ọ́ fáwọn ọ̀gá. Òfin ni."

"Ará Ìkẹ́rẹ́ ni, Bàbá. Àárín wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Mo ti lé e lọ, ó tán."

Mo ní Ọlọ́run á bù kún un. Bàbá Sùlé kò ṣe àmín.

Ibi tí ọlọ́pàá ti ń ṣọ́ tẹ́tẹ́

Ní Ìkẹ́rẹ́, bí mo bá ká ọmọ mọ́ ibi tó ti ń ta tẹ́tẹ́, orí eékún ni yóò ti parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ẹ wá wo ohun tí mo rí ní pápá eré ẹṣin. Àwọn òyìnbó obìnrin dé fìlà tó fẹ̀ bí agbòòrùn, àwọn ìjòyè wé láwàní, àwọn akọ̀wé wọ táì, gbogbo wọn tò níwájú àwọn fèrèsé kéékèèké láti fi owó lé ẹṣin lórí. Ọlọ́pàá ló sì ń tò wọ́n! Bí ẹnì kan bá fẹ́ já ìlà, ọlọ́pàá á dá a padà, kí onítẹ́tẹ́ má bàa rẹ́ onítẹ́tẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn ọgbà, lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọlọ́pàá mìíràn ń lé àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin kan náà.

Mo bi Bàbá Sùlé pé báwo ni ohun kan ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ yẹn tí kò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbí.

"Tíṣà," ló wí, "ìjọba kò bá tẹ́tẹ́ jà. Tẹ́tẹ́ tí kò mú tirẹ̀ wá fún un ló ń bá jà. Owó tó bá gba fèrèsé wọlé, ìjọba á yọ tirẹ̀ kí ẹni tó jẹ tó gba tirẹ̀." Ó rò ó díẹ̀, ó wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ lójú fèrèsé, ó máa rí owó rẹ̀ gbà. Ti abẹ́ máńgòrò, bí owó bá pọ̀ jù, bàbá onítẹ́tẹ́ a gba orí ògiri lọ."

Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn àwọn jọ́kì. Káyọ̀dé gorí ìwọ̀n pẹ̀lú gàárì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le koko. Òyìnbó kan wo ìwọ̀n náà bí àwọn tó ń wo kòkó fún ìjọba ṣe máa ń wò ó nílé wa, kò rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀, ó sáà mi orí. Ó pé! Ẹni tó tẹ̀ lé e fúyẹ́ jù, wọ́n bá ti òjé bọ gàárì rẹ̀, kí ẹrù àwọn ẹṣin lè dọ́gba. Mo dijú. Ní Èkìtì, bí ènìyàn bá ti òkúta bọ àpò kòkó kó lè wúwo, ilé ẹjọ́ ló ń lọ. Níbí, ìjọba ló ń tì í bọ̀ ọ́.

Eré náà

Wọ́n sọ àsíá sílẹ̀, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. N kò mọ̀ pé ẹṣin lè sáré bẹ́ẹ̀. N kò sì mọ̀ pé ohùn mi lè ròkè bẹ́ẹ̀, èmi ìyàwó ilé, tíṣà ilé ìwé ìjọ. Túsìdeè ló ṣáájú, àbúrò mi dorí kodò sórí ọrùn rẹ̀ bí ẹyẹ. Nígbà tí wọ́n yí igun ìkẹyìn, ẹṣin dúdú kan yọ nínú eruku, ó ń sún mọ́ ọn, ó ń sún mọ́ ọn. Mo rí i tí Káyọ̀dé ń lu ẹṣin rẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́, tó fi gbogbo ara tì í. Ẹṣin dúdú náà fi orí nìkan ṣíwájú rẹ̀.

Ipò kejì. Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́, gèlè mi bọ́. Àfi ìgbà tí mo rí ojú Bàbá Sùlé ni mo tó rántí ẹni tó fẹ́ ipò kejì.

Ariwo ti sọ lábẹ́ igi máńgòrò nígbà náà. Ọlọ́pàá ti mú Josáyà. Ọkùnrin náà rò pé bí òun bá dárúkọ ènìyàn pàtàkì, wọn yóò fi òun sílẹ̀, ló bá gbé ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, gbogbo pápá sì gbọ́: "Ẹ bi jọ́kì Túsìdeè léèrè ẹni tí mo jẹ́! Ilé rẹ̀ ni mo ti jẹun lánàá!"

Níwájú tábìlì

Wọ́n pe Káyọ̀dé wọ inú àgọ́ níbi tí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó eré jókòó sí. Òyìnbó méjì ni, pẹ̀lú ìjòyè Hausa arúgbó kan tó wé láwàní, tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Mo wọlé tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá ní kí n jáde.

"Èmi ni mo gún iyán náà," ni mo wí. "Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀dọ̀ mi ló wà."

Ìjòyè náà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo rò ó fún wọn bó ti rí, títí kan ohun tí mo sọ nípa ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n pe Bàbá Sùlé, ohun kan náà ló sọ.

Ìjòyè náà ní, "Mo fi awò awọ̀nàjíjìn wo eré yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fa ìjánu. Ẹṣin dúdú ló yá jù ú lọ." Ọkàn mi balẹ̀. Ló bá yíjú sí àbúrò mi. "Nígbà tí ọkùnrin yẹn bẹ̀ ọ́, kí lo ṣe?"

"Mo lé e jáde, sà."

"Ta lo sọ fún nínú wa?"

"Kò sí ẹnì kankan, sà."

"Òfin sọ pé kí o wá sọ. Kí ló dé tí o kò wá?"

"Ará ilé ni, sà."

Ìjòyè náà kò pariwo. Ohùn tí bàbá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ló fi dá a lóhùn. "Ọmọ mi, ọjọ́ tí o gba láísẹ́ǹsì yìí, àwa náà di ará ilé rẹ. Àwọn tó tò lójú fèrèsé níta yẹn di ará ilé rẹ. Wọn ò mọ Ìkẹ́rẹ́. Ìwọ ni wọ́n fọkàn tán."

Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gẹṣin mọ́ títí di eré Àjíǹde. Káyọ̀dé tú láísẹ́ǹsì náà nínú aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí tábìlì. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Bíbọ̀ wálé

Bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn. Mo mú un bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ti fẹ́. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó kọ́kọ́ kọjú sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó ra àkàrà. Ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra iṣu sísun. Ó ra ẹ̀pà, ó ra ẹyin, ó ra ọsàn, ó gba igbá fùrá mi. Kí a tó dé Ọ̀ffà, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi jó pàdé wa lójú títì. Inú rẹ̀ dùn sí ìjọba tó gba láísẹ́ǹsì náà ju bí inú ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń dùn sí ìjọba lọ. "Eré ẹṣin kì í ṣe uṣẹ́," ló ń tẹnu mọ́. Ó ránṣẹ́ sí Ògòtún. Ọmọge náà wá, ó wo Káyọ̀dé dáadáa, ó gbọ́ gbogbo ìtàn náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Yèyé, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ padà. N kò fẹ́ ọkọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́." Ẹnu ìyá mi kò padé fún ọjọ́ náà.

Káyọ̀dé ká kòkó, ó sá kòkó, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìjanpata. Àwọn ẹbí Josáyà wá láti Ìkẹ́rẹ́ láti bẹ̀bẹ̀, nítorí ilé ẹjọ́ ti bu owó ìtanràn lé ọmọ wọn. Bàbá mi gba obì wọn. Nígbà tí Àjíǹde ń súnmọ́lé, ìyá mi ní kí bàbá pàṣẹ fún Káyọ̀dé pé kó má lọ mọ́. Bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo ìbọn rẹ̀ tó fi kọ́ ògiri.

"Ìbọn mi ní láísẹ́ǹsì," ló wí. "Nítorí pé ó ní in, mo máa ń ronú kí n tó yìn ín. Ọmọ yìí ti kọ́ bí a ṣe ń ronú. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Gbogbo wa ló sìn ín dé ibùdókọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyá mi gbé ẹrù ọmọ rẹ̀ lórí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Obìnrin Emùré kan tó jókòó nínú lọ́rì wo Káyọ̀dé láti òkè dé ilẹ̀, ó bi ìyá mi pé irú iṣẹ́ wo ni ọkùnrin kékeré yìí ń ṣe lóko ọ̀nà jíjìn.

Ìyá mi nà tantan. "Ẹṣin ló ń gùn. Ìjọba ló fún un láṣẹ."

"Ṣé ó máa ń ṣe ipò kìíní?"

"Nígbà mìíràn," ni ìyá mi wí. Ó gbé ẹrù náà lé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe ipò kejì. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ló fi ń ṣe é."